Ọmọ Kútọnu ń to ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì lásìkò ìsinmi, ọmọ Tré ńkọ́?

Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti padé, ẹni tó bá gba títì Dassa-Zoumè kọjá á rí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú atẹ gàrí àti ẹ̀pà lórí, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Parakou tàbí Savalou. Owó ìwé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bá ìyá wọn wá, a kò sì ní bú wọn. Àmọ́ lásìkò kan náà, àwọn òbí kan ní Kútọnu ń sanwó kí ọmọ wọn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ kékeré tó ń wa ara rẹ̀. Àwọn kan ní Tré lè sọ pé eré ọmọ olówó nìyẹn.

Kì í ṣe eré. Ọkọ̀ náà kò ju táyà, mọ́tò kéékèèké méjì, bátìrì àti kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó fi ń ríran ni ẹ̀rọ kan tó ń ké ohùn tí etí wa kò lè gbọ́. Ẹni tó bá ti pariwo láàárín àwọn òkè wa, tí òkè sì dá a lóhùn, ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ohùn á lọ kan ògiri, á padà, kọ̀ǹpútà á sì ka àkókò tó lò. Bí ògiri bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 17, ohùn á lọ á bọ̀ láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ ló máa kọ àṣẹ fún un pé bí nǹkan bá ti sún mọ́ ọ tó báyìí, yà sọ́tùn-ún. Bí ọkọ̀ bá kọlu ògiri, ọmọ á padà lọ tún àṣẹ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìṣirò tó ń sá fún nínú kíláàsì gan-an nìyẹn.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni irú ọgbọ́n yìí wà. Láti 2014 ni Médard Agbayazon ti dá Blolab sílẹ̀ ní Godomey. "Ṣe" ni "blo" túmọ̀ sí lédè Fọ̀n. Wọ́n ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti pa tì, wọ́n ń tò ó sínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20, á sì di kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Irú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi ni o!

Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣòwò pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì pa jáde kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti Glo-Djigbé ló ń pa á báyìí, ẹ̀rọ sì pọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò máa tún un ṣe? Bí ọmọ wa bá dé ibẹ̀ láìmọ̀ ju ẹrù rírù lọ, àpò ni wọn yóò gbé lé e lórí.

Lójú tiwa, owó kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́, èdè ni. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Tré ti mọ "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún" ní Ìdáàṣà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lédè wa kó tó di Faransé. Íntánẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó jẹ́ àwáwí: Scratch, tí wọ́n gbé jáde ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2007, ṣeé lò lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ní ti owó, ní 2016, BBC àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kọ̀ǹpútà kékeré micro:bit lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì. A kò béèrè mílíọ̀nù. Kíláàsì kan tó ṣófo nínú oṣù Kẹjọ, kọ̀ǹpútà márùn-ún àti ọkọ̀ márùn-ún ti tó, tí wọ́n bá lè máa wà nílé ẹ̀kọ́ náà. Ká má rí àlejò ọjọ́ mẹ́ta tí yóò ya fọ́tò, tí yóò sì kó ẹrù rẹ̀ padà sí Kútọnu.

Kó jẹ́ àárọ̀, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà náà lè ráyè wá. Kó má sì bọ́ sí Ọjọ́rú, torí ọjà Glazoué.