Ìtìjú Kò Lè Ṣọ́ Ọmọ

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ kì í ṣe ti ìwé kíkà àti ìṣirò nìkan. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé, ara ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti sọ: kíkọ́ ọmọ nípa ara rẹ̀ àti ìbálòpọ̀, àti òfin tí yóò dáàbò bò ó.

Àwọn kan ń wí pé bí a bá la ọmọ lójú sí irú ọ̀ràn yìí, a ti kọ́ ọ ní ìwà ìbàjẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àjọ UNESCO tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 2018, ó yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kì í sún ọmọ sí ìbálòpọ̀. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò lè ròyìn ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Ìwádìí tí Ìjọba Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, ọ̀kan ni a ti hùwà ìṣekúṣe sí kí ó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, ọ̀kan. Ẹni tí ó sì ń ṣe é, ẹni tí ọmọ mọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìyà ẹni tí ó bá bá ọmọ lò pọ̀. Ní 2016 pẹ̀lú, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa àṣẹ lórí ààbò ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà nínú àpótí ìjọba kò lè di ọwọ́ ènìyàn búburú mú nínú kíláàsì.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan kọ òfin tirẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ àti òbí gbọ́, kí ó sì kọ́kọ́ de àwa olùkọ́. Èkíní, kí olùkọ́ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ó má sì rán an lọ pọn omi tàbí fọ aṣọ ní ilé rẹ̀. Èkejì, kí a dárúkọ ènìyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, tí ọmọ lè sọ fún láìbẹ̀rù. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá ilé-ìwé má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi tó àwọn ọlọ́pàá àti òbí létí ní ọjọ́ náà gan-an.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé irú òfin báyìí yóò ba orúkọ olùkọ́ rere jẹ́. Rárá o! Olùkọ́ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, ta ni yóò rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn?

Ẹ̀yin ará mi, láìpẹ́ a ó fọ́n ká sí ìlú àti abúlé. Nígbà tí o bá dé ilé-ìwé tí a rán ọ lọ, béèrè òfin yìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Bí kò bá sí, fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jùmọ̀ kọ ọ́.