Ebi Kọ́ ni Oògùn Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí oúnjẹ wà níwájú wọn, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ebi pa ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí oníṣẹ́ abẹ fa ẹnu ìfun kékeré wọn yọ síta lára ikùn, tí ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò gba ìdí mọ́, àfi inú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara. Wọ́n rò pé bí àwọn kò bá jẹun, àpò yóò ṣófo, ojú kò sì ní í ti àwọn láwùjọ. Àṣìṣe ńlá ni. Ìfun tí kò rí oúnjẹ kò dẹ́kun iṣẹ́. Omi àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa tú jáde, ara yóò sì máa joro.

Kò sí ẹni tí irú iṣẹ́ abẹ yìí kò lè kàn. Ibà taifọ́ọ̀dù tí ó dá ìfun lu, jẹjẹrẹ inú ìfun, tàbí egbò ìfun ńlá tí kò gbọ́ oògùn lè sún dókítà dé ibẹ̀. Fún ẹlòmíràn, oṣù díẹ̀ ni. Fún ẹlòmíràn, títí ọjọ́ ayé ni. Kì í sì í ṣe ohun ìtìjú tuntun. Ní ọdún 1954, Elise Sørensen, nọ́ọ̀sì ará Dẹ́nmáàkì, ronú kan àpò tí ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí arábìnrin rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà láti jáde sí àwùjọ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ìfun ńlá ni ó ń fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara. Nígbà tí oúnjẹ kò bá gba ibẹ̀ kọjá mọ́, omi àti iyọ̀ a máa bá àpò lọ. Nítorí náà, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa mu omi déédéé. Bí àpò bá sì ń kún ní àkúnjù, omi lásán kò tó. ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ni kí ó mu, kí ó sì tètè lọ rí dókítà.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ó gba sùúrù jù. Ìrẹsì funfun, ẹ̀kọ, ẹja, ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í sábà yọ ìfun lẹ́nu. Àgbàdo sísè, ẹ̀pà, àgbọn àti awọ inú ọsàn lè dí i. Lẹ́yìn náà, kí ó máa dán oúnjẹ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Òkèlè ni a máa ń gbé mì, ṣùgbọ́n ẹran àti ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ ni kí ó jẹ kúnná. Bí ohunkóhun kò bá jáde fún wákàtí mélòó kan, tí inú sì ń run ún, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Èyí tí ó léwu jù ni agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹbí ń gbé wá láti fi fọ inú. Ẹni tí omi ń bọ́ lára rẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò ohun tí yóò tún ṣí i nínú. Ẹni tí ó gbé e wá kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ lè pani.

Nítorí náà, kò yẹ kí ilé ìwòsàn dá aláìsàn sílẹ̀ láìkọ́ ẹni tí ń dáná nílé rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà; ó tọ́ kí a ka àpò yìí mọ́ oògùn, nítorí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a yóò fi ọ̀rá dí i, omi ìfun yóò sì jó awọ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá ni jókòó nídìí àwo. Ọkọ, aya àti ọmọ ni yóò ṣe èyí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí aláìsàn sọ ohun tí ara rẹ̀ gbà, kí àwọn ará ilé gbọ́, kí wọ́n sì pè é wá jẹun.