PÁÌPÙ ÈÉFÍN TUNTUN LÁRA LỌ́RÌ: ÀPÒ TA NI OWÓ RẸ̀ YÓÒ TI JÁDE?

 

Àwọn dẹ́rẹ́bà kan tí ń kó ẹrù wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́ ti ń sọ pé kí á fi nǹkan kún owó ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ irin èéfín tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá, kí àwọn fi èyí tí ajórin ṣe sí i. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì yóò máa mí dáadáa, epo yóò sì dín kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023, ta ni yóò gbọ́ pé epo yóò dín kù tí kò ní na etí? Àwa náà na etí. Ṣùgbọ́n a bi àwọn mẹkáníìkì léèrè kí á tó kọ̀wé yìí.

Ẹ́ńjìnnì Mercedes 911, àti ti Bedford tí wọ́n fi ń ṣe bọ́lẹ́kájà, sílíńdà mẹ́fà ni, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí agbọ̀n ata nínú ọjà. Irin dídà kan tí ó nípọn, tí wọ́n ń pè ní mánífóòdù, ni ó ń gba èéfín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ó ń darí rẹ̀ lọ sí sàlẹ́ńsà. Hẹ́dà tí wọ́n ń sọ yìí, páìpù mẹ́fà ni, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí wọ́n tó pàdé nísàlẹ̀. Èéfín ọ̀kan kò ní dí ti èkejì lọ́nà. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń tún ọkọ̀ Ford àti Chevrolet àtijọ́ onísílíńdà mẹ́fà ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gan-an ni èrè rẹ̀ máa ń hàn. Lọ́rì tí ó ru èlùbọ́ àti gààrí, tí ó ń rọra gun òkè, eré wo ló fẹ́ sá?

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nìyí. Irin dídà ń fara da ooru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Páìpù fúyẹ́, ojú ibi tí wọ́n jó o lè là. Bí pẹrẹsẹ irin tí wọ́n fi dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì bá wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ẹ ó máa gbọ́ tà-tà-tà láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí ọkọ̀, ẹ ó sì rí dúdú èéfín lẹ́bàá bóòtù. Èéfín yẹn lè wọ iwájú ọkọ̀ níbi tí ẹ pọnmọ jókòó sí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Orí á máa fọ́ yín, oorun á máa kùn yín, ẹ ó ní àárẹ̀ ọjà ni.

Iná ńkọ́? Ìwọ̀nba bọ́lẹ́kájà tó ṣẹ́kù, pákó ni ara wọn. Àpò ìdọ̀họ ni ẹrù wa, epo pupa a sì máa kán sílẹ̀. Ẹni tí ó rí Akẹ̀sán lẹ́yìn iná oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 (a kò sọ pé ọkọ̀ ló fa ìyẹn o) mọ bí ọjà ṣe ń di eérú láàárín wákàtí díẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. General Motors ti ta iṣẹ́ lọ́rì Bedford láti 1987. Ẹni tí mánífóòdù rẹ̀ bá là, níbo ni yóò ti rí òmíràn kíákíá? Kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é bó ṣe yẹ. Kí pẹrẹsẹ irin náà nípọn, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ tuntun. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì tún un dè lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná tó tutù. Kí wọ́n wá irin gbé páìpù náà ró, kí ó má fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kí ó jìnnà sí rọ́bà epo, wáyà àti pákó. Àwọn tó sì ń yọ sàlẹ́ńsà kúrò kí ọkọ̀ lè máa dún bí ìbọn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà àtidín epo kù, ariwo lásán ni.

Ti owó wá ńkọ́? Bí epo bá dín kù bí wọ́n ṣe wí, ṣebí àpò ọlọ́kọ̀ ni èrè náà ń lọ. Kí ló dé tí a ó fi san owó lórí èrè ẹlòmíràn? Ní tiwa, a kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. A sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yan obìnrin méjì àti mẹkáníìkì kan tí yóò máa wo abẹ́ ọkọ̀ kí á tó di ẹrù sí i. Ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó gbé e kalẹ̀. Ẹni tí dẹ́rẹ́bà bá ti gba owó hẹ́dà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá sọ iye tí ó san.