Kí Wọ́n Tó Ní Ọlọ́jọ́ Ló Dé: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ Ikùn Máa Ń Sọ

Bí ẹni tó ní jẹjẹrẹ ikùn bá kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ààrùn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn méjì lè ní jẹjẹrẹ kan náà, kí dókítà kan náà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kí ọ̀kan rìn lọ sílé, kí èkejì má lè dìde. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lè sọ ọ́ ṣáájú.

Ní Japan, níbi tí jẹjẹrẹ ikùn ti pọ̀ gan-an, dókítà Onodera àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 1984. Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà lè ṣe é. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wò: albumin, ìyẹn pùròtéènì tí ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe, àti lymphocyte, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀. Wọn á sọ albumin di ìlọ́po 10, wọn á fi 0.005 sọ iye lymphocyte di púpọ̀, wọn á ro méjèèjì pọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Albumin Lágbájá jẹ́ 4.2, lymphocyte rẹ̀ 1,800. 42 àti 9, ó di 51. Ti Tàmẹ̀dù jẹ́ 3.0 àti 1,000. 30 àti 5, ó di 35. Onodera ní bó bá ju 45 lọ, wọ́n lè gé e kí wọ́n sì rán an. Láàárín 40 sí 45, ewu wà níbẹ̀. Bí kò bá tó 40, kí wọ́n má dán an wò.

Ẹ má rò pé àìjẹun nìkan ló ń fà á o. Bí ara bá ń bá àrùn jagun, ẹ̀dọ̀ á dín albumin kù, á gbájú mọ́ àwọn pùròtéènì ogun bíi CRP. Ìdí nìyí táwọn dókítà Glasgow ní Scotland fi ń wo CRP àti albumin pa pọ̀.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá èèyàn ní jẹjẹrẹ. Rọ́bà tó ní kámẹ́rà, tí wọ́n ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n sì fi ń bu díẹ̀ lára ẹran inú ikùn, ló lè sọ ìyẹn. Ẹni tó ti ń lo oògùn ọgbẹ́ inú láti oṣù mélòó kan, tó ń rù, tó ń bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kó yáa lọ sílé ìwòsàn.

Tàmẹ̀dù tó ní 35 ńkọ́? Kì í ṣe pé wọ́n ti dájọ́ ikú fún un. Ẹni tí àìjẹunre bá ti mú gan-an, àwọn dókítà lè fi ọjọ́ 7 sí 14 bọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá lè gbé oúnjẹ mì, wọ́n lè gba inú rọ́bà fún un.

Nítorí náà, kí ẹbí má kàn máa sáré owó iṣẹ́ abẹ kiri. Kí wọ́n bi dókítà pé: èló ni albumin rẹ̀? Kí ló yẹ kó jẹ kó tó dọjọ́ náà?