Aáyù Kì í Ṣe Gbogboǹṣe

Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Nígbà tí aáyù wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, kò sí ẹni tí í kà á sí. Nísinsìnyí tí wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò, tí wọ́n sì fi owó gọbọi lé e lórí, ó ti di gbogboǹṣe. Nínú ọkọ̀ èrò àti ní gbàgede ọjà, àwọn olóògùn ń pariwo pé aáyù ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ àti éèdì. Irú oògùn wo nìyẹn, tí kò sí àrùn tí apá rẹ̀ kò ká? Irọ́ ni, irọ́ tí ń pa ènìyàn sì ni.

Kì í ṣe pé aáyù kò ní iyì tirẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn wọn ní nǹkan bí ọdún 1550 kí a tó bí Jésù. Ní ọdún 1944, Cavallito àti Bailey, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, yọ èròjà tí a ń pè ní allicin jáde lára rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Èròjà yìí kò sí nínú awẹ́ aáyù tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ìgbà tí a bá gún un tàbí tí a lọ̀ ọ́ ni ohun méjì tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ yóò pàdé, tí wọn yóò sì bí i. Ẹni tí ó bá sọ odindi awẹ́ sínú omi híhó ti pa agbára náà kí a tó bí i. Ìwádìí ti fi hàn pẹ̀lú pé aáyù lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Èyí tó iyì fún ohun ọ̀gbìn kan.

Ibi tí iyì náà mọ nìyẹn. Pé kòkòrò kú nínú àwo onímọ̀ kò ní kí ó kú nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford gbé èsì jáde lórí àgbàlagbà 192 tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù. Fún oṣù 6, àwọn kan jẹ aáyù tútù, àwọn kan lo oníhóró, àwọn kan sì lo èyí tí kò ní aáyù nínú rárá. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí ọ̀rá rẹ̀ dín ju ti èkejì lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ẹ̀rí pé aáyù ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kí ó wo Gúúsù Áfíríkà. Manto Tshabalala-Msimang ni Mínísítà fún ètò ìlera níbẹ̀ láti ọdún 1999 títí di ọdún 2008. Aáyù, lẹ́mọ́ọ̀nù àti bíìtírúùtù ni ó ń polongo fún àwọn tí kòkòrò HIV wà lára wọn, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Thabo Mbeki ń fi oògùn gidi falẹ̀. Ní ìpàdé àgbáyé lórí éèdì ní Toronto ní ọdún 2006, aáyù wà lórí àtẹ orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀mí tí ó ju 330,000 lọ ni ìfàsẹ́yìn náà mú lọ láàrin ọdún 2000 sí 2005. Èyí tí ó tún burú ni pé ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002 fi hàn pé oníhóró aáyù dín saquinavir, ọ̀kan nínú oògùn HIV, kù sí nǹkan bí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Aáyù púpọ̀ a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dì. Ewu ni fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ni kò fẹ́ràn egbòogi. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìmọ̀ kan náà tí ó jẹ́rìí sí agbára aáyù ni ó fi òpin agbára náà hàn. A kò lè gba apá kan ẹ̀rí kí a da apá kejì nù. Ta ni ó sì ń tàbùkù ìṣègùn Yorùbá gan-an? Onísègùn tí ó gbọ́ iṣẹ́ kì í fi ewé kan wo gbogbo àìsàn. Àgbo ibà yàtọ̀ sí ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní ewé, ó ní ìwọ̀n, ó ní èèwọ̀. Ẹni tí ń ta gbogboǹṣe ni ó ń ba iṣẹ́ baba rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la. Ohun tí olùkọ́ bá sọ ní kíláàsì ni ọmọ yóò gbé délé, tí ìyá tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò gbọ́. Kí ó kọ́ wọn láti máa jẹ aáyù nínú ọbẹ̀, kí wọ́n má sì torí rẹ̀ pa ilé ìwòsàn tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó bá irọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ta ni ó kù tí yóò gbà là?