Ibi Tí Omi Ti Ń Kán Kọ́ Ni Ó Gbà Wọlé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì wà ní Òkè-Àdó, nínú èyí tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn kọ́ kí òmìnira tó dé ní 1960. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pákó tí a tẹ́ lé orí ìtì igi ni ilẹ̀ òkè àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta. Àwọn kan nínú yín ti jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ń gbé ní Èkó tàbí lókè òkun. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni gbogbo ẹbí máa ń tò sí láti ya fọ́tò lọ́jọ́ ìkómọ. Pákó tó ti jẹrà kì í sábà kìlọ̀ kó tó já.

Lọ́dún tó kọjá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí yàrá ìsàlẹ̀ tí àbúrò bàbá wa obìnrin ń gbé nínú ilé ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan fi owó ránṣẹ́ pé kí a ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, kí a fi bo pákó òkè kí àlejò ìkómọ tó dé. Màmá kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ fi aṣọ bo egbò tí ẹ kò tíì wẹ̀?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Rọ́bà kì í jẹ́ kí omi tó ti wọ igi ráyè jáde, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ìbátan olú ti ń jẹ igi. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100, wọn kò lè jẹ ẹ́. Omi ni ọ̀tá, kì í ṣe ọjọ́ orí pákó.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tó ti bàjẹ́? Ẹ fi òòlù lu pákó díẹ̀díẹ̀. Èyí tó yè a dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà a dún bí ìgbà tí ènìyàn lu tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣó gígùn gún un, pàápàá níbi tí ìtì igi ti wọ inú ògiri, nítorí ojú igi tí a gé a máa fa omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìṣó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, igi náà ti lọ. Ẹ má yára dá ikán lẹ́bi: ikán a máa fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe ọ̀nà tí ń gbà, igi tí omi bàjẹ́ a máa sán wẹ́wẹ́ bí èédú.

Káfíńtà wa fẹ́ pààrọ̀ pákó tó wà lókè ibi tí omi ti ń kán gan-an. Mo ní kó ní sùúrù. A gun àkàbà, a ń da omi sórí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a ń dúró fún ìṣẹ́jú 10 ní ibi kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan sì ń ṣọ́ inú yàrá. Ihò ìṣó kan ṣoṣo ni, lórí páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti tẹ̀ sọ́dọ̀ ògiri, omi sì ń tọ ìtì igi wọlé kó tó kán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dí ihò. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì àti sílìn, kí afẹ́fẹ́ gbẹ igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí káfíńtà tó gé ìtì kankan, kó fi òpó gbé òkè ró. Kó gé e kọjá ibi tó rọ̀ títí dé ara igi tó yè, kó fi Solignum kun ojú ibi tó gé, kó sì fi bóòtù de ìtì tuntun mọ́ èyí tó kù. Ní ọjà pákó Bódìjà, ẹ béèrè ìrókò tàbí àpá. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n òun àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìsàlẹ̀, nínú àgbàlá, ni a ti ya fọ́tò ìkómọ náà. Nígbà tí a ṣí ògiri, orí ìtì igi méjì ti rọ̀ bí àkàrà. Owó kápẹ́ẹ̀tì ni a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwa yòókù sì dá èyí tó kù. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú òòlù, ẹ lu pákó ilé yín.