Sọ́rì Tiwa, Sọ́rì Tiwọn

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní Ẹnu-Ọwá, ọmọ àbúrò mi tó ti London dé fẹsẹ̀ kọ etí gọ́tà. Ìyá kan tó ń tajà lódì kejì títì ké sí i pé, “Sọ́rì o, ọmọ mi!” Ọmọ yíjú sí mi: “Àǹtí, kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ mí?” Ẹ̀rín pa mí. Ní London lọ́hùn-ún, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tàbí ìròyìn burúkú, ẹni tó ní sọ́rì sábà máa ń gba ẹ̀bi ni. (Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀!) Pẹ̀lẹ́ wa ló gbé ẹ̀wù òyìnbó wọ̀ níhìn-ín. Ìgbò ní ndo, Haúsá ní sannu. Kò sí èyí tó ń bèèrè ẹlẹ́bi. Bí a bá ṣẹ èèyàn, “ẹ má bínú” là ń wí. Agolo mílíìkì ni ọ̀rọ̀ yìí: wàrà ni wọ́n fi kó wá, gààrí la fi ń wọ̀n. Ta ló máa ní a ṣì í lò? Mo ní kó padà lọ dá ìyá náà lóhùn. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”